Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Yan Orin Tí À Ń Gbọ́, Ìwé Tí À Ń Kà àti Ìròyìn Àdúgbò Tí À Ń Tẹ́tí Sí

Ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ lóde òní kì í wá orin tì, bẹ́ẹ̀ ni kì í wá ìròyìn tì. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún un ni àyè láti fúnra rẹ̀ yàn. Kí orin kan tó dé ìdajì, fóònù ti ń na òmíràn sí i; kí ó tó ka ìròyìn kan dé ìlà kẹta, fídíò ẹni tí ó ń jó ti bo gbogbo ojú fóònù náà. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti gbọ́ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ni ó dùn mọ́ ọn jù nínú ohun tí ó gbọ́, àti ohun tí ó fà á, kò ní rí ẹyọ kan tọ́ka sí. Ìlànà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òun fẹ́ràn àti ìdí tí òun fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìbàdàn ni mo ń gbé, nítorí náà àpẹẹrẹ Ìbàdàn ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Abẹ́òkúta, ní Ìlọrin tàbí ní Peckham lè fi ti àyíká tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣáájú ohun gbogbo ni pé kí ẹ má ṣe ya orin, ìwé àti ìròyìn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ àwọn ènìyàn kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sábà máa ń jáde. D. A. Ọbasá tí ó dá ìwé ìròyìn Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924 ni akéwì tí ó tún kó ewì jọ tí ó sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Adébáyọ̀ Fálétí tí a mọ̀ sí òǹkọ̀wé àti akéwì ṣiṣẹ́ ní WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 October 1959, ó sì di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ti ní ọ̀nà sí méjì yòókù lọ́wọ́. Ohun tí ó kù ni kí ó mọ bí a ṣe ń tọ̀ ọ́.

Ẹ fi orin bẹ̀rẹ̀

Orin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti gbọ́ bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ mìíràn. Ẹ mú ẹ̀yà orin kan ṣoṣo, ẹ mú olórin kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í fún bí oṣù kan kí ẹ tó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ pé àwọn fẹ́ràn orin ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ta àpàlà àti sákárà sí wọn létí, wọn kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ èwo. Kò sì le, bí a bá mọ ohun tí ó yẹ kí á tẹ́tí sí. Nínú sákárà, irú èyí tí Yusuf Ọlátúnjí kọ ní Abẹ́òkúta kí ó tó kú ní 1978, ẹ óò gbọ́ gòjé, ohun èlò olókùn tí ohùn rẹ̀ máa ń fà tẹ̀lé ohùn olórin bí ẹni ń sunkún, ẹ óò sì gbọ́ ìlù sákárà fúnra rẹ̀, èyí tí a fi amọ̀ mọ róbótó rẹ̀ tí a sì fi awọ bò lójú kan. Kò sí gòjé nínú àpàlà. Agídìgbo ni ó ń dún wúwo nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbè é, ìlù tí ó ń sọ̀rọ̀ sì ń dá olórin lóhùn. Jùjú ní gìtá, I. K. Dairo sì fi àkọ́díọ̀nù kún un. Fújì kò ní gìtá rárá ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí fún sàárì nínú oṣù Ramadan ni Síkírù Àyìndé Barrister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fà á yọ. Bí ẹ bá ti fi etí mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹ ti kúrò lára àwọn tí ń pe gbogbo wọn ní orin àwọn bàbá wa.

Lẹ́yìn náà, odindi ojú àwo kan ni kí ẹ wá, kì í ṣe gígé. Nígbà tí àwo ńlá dóde, ojú kan rẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, àwọn olórin wa sì lo àyè náà dáadáa: wọn a máa gbé orin kan wọnú òmíràn láìdúró, wọn a kí Ọlọ́run, wọn a kí ọlọ́jà, wọn a sọ ìtàn, wọn a bú ọ̀tá, kí wọ́n tó wá jẹ́ kí ìlù jà gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ń gé sórí fóònù sábà máa ń jẹ́ ibi tí ìlù ti ń jà yẹn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyẹn nìkan ti gbọ́ ìlù, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ ojú àwo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹ má ṣe wá ìtumọ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kí ìlù wọ̀ yín lára, kí ẹ sì kíyè sí ibi tí ó ti yí padà, nítorí pé ibẹ̀ ni olórin sábà máa ń kúrò nínú ọ̀rọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ tẹ́tí sí: òwe tí ó pa, àdúrà tí ó ṣe, ẹni tí ó bú láìdárúkọ rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ àdúgbò tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni ó máa ń sú àwọn ènìyàn jù, síbẹ̀ òun ni n kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fò, nítorí pé láti inú orúkọ wọ̀nyí ni ìwé àti ìròyìn yóò ti jáde.

Ẹ wo Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó kú ní 1983. Ọ̀kan nínú àwọn àwo rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, tí ó jáde ní 1971, jẹ́ orin tí ó fi kí ẹgbẹ́ afẹ́ kan ní Òṣogbo, ẹgbẹ́ Òròkí. Ẹni tí ó bá kàn ń mi orí sí i yóò gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bèèrè pé àwọn wo ni ọmọ ẹgbẹ́ yìí, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, kí ló sì dé tí ẹgbẹ́ afẹ́ fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa lẹ́yìn tí òmìnira dé, ẹni náà ti wọnú ìtàn Òṣogbo láìmọ̀. Orúkọ àwọn ọlọ́jà, àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn oníṣòwò tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan wà nínú àwo orin. Bákan náà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgboro wà nínú wọn. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ní 2 April 1972, Ebenezer Obey kọrin láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù ní àkókò Udoji, tí owó kún ọwọ́ òṣìṣẹ́ lójijì, Àyìnlá Ọmọwúrà gbé e sínú àpàlà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé ìròyìn nígbà náà rí ìròyìn gbọ́ láti inú giramafóònù aládùúgbò rẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, kí a má ṣe gba gbogbo ohun tí olórin bá sọ gbọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tí ó náwó fún olórin ni olórin ń yìn. Bí ẹ bá gbọ́ pé kò sí irú lágbájá ní gbogbo ìlú, ohun tí ẹ mọ̀ dájú ni pé lágbájá náwó. Ohun yòókù di ìwádìí. Ojú kan náà ni ẹ óò fi wo ìwé ìròyìn tí ó bá ń yin gómìnà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, tí odindi ojú ìwé ìpolówó tí ìjọba sanwó rẹ̀ sì wà ní ojú ìwé kẹta. Mo rò pé orin ni ó dára jù láti kọ́ irú ìfura yìí nínú, nítorí pé ìyìn inú rẹ̀ kò fara pamọ́.

Ní ti bí a ṣe ń rí àwo wọ̀nyí: ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wà lórí YouTube, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbé wọn síbẹ̀ kì í bìkítà nípa ọdún. Ẹ óò rí orin 1975 tí wọ́n kọ 1982 sí, ẹ óò sì rí orin tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ gbọ́. Bí àwòrán páálí àwo náà bá wà lójú fídíò, orí páálí yẹn ni kí ẹ ti ka àkọlé àti nọ́ńbà rẹ̀, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí kò bá sí páálí, ohun tí olórin dárúkọ yóò ràn yín lọ́wọ́: orin tí ó bá ń ka owó ní náírà ṣòro láti jáde ṣáájú 1 January 1973, ọjọ́ tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ní ti dátà, ẹ gba ohùn nìkan sílẹ̀ dípò fídíò, pàápàá tí fídíò náà kò ju àwòrán kan tí kò mira lọ, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò kí ẹ máa fi dátà gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá sì ní àwo gidi nínú ilé bàbá rẹ̀, kí ó tò ó ní ìdúró, kì í ṣe lórí ara wọn, kí ó sì gbé e jìnnà sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, nítorí ooru a máa ká àwo kò.

Ẹ óò bá àríyànjiyàn pàdé lójú ọ̀nà: Obey tàbí Sunny Adé, Barrister tàbí Kollington. Èmi kì í dá sí i bí àwọn àgbà bá ń jà á, ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó sí i, nítorí pé ẹni tí ń gbèjà olórin rẹ̀ a máa rántí ọdún, òde àríyá àti ohun tí ó fa ìjà lọ́nà tí kò ní gbà rántí rẹ̀ bí ẹ bá bi í lásán.

Ìwé wo ni kí á kọ́kọ́ kà?

Nígbà tí orúkọ inú ìwé àkọsílẹ̀ yín bá ti pọ̀ díẹ̀, ó tó àkókò láti kàwé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ D. O. Fágúnwà, ẹni tí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn fún ẹni tí kò tíì ka ìwé Yorùbá láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé-ìwé. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, àpèjúwe inú rẹ̀ sì máa ń dá lé ara wọn títí tí ẹni tí kò bá mọ́ lára yóò fi pa ìwé dé ní ojú ìwé kẹwàá. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, jáde nínú ìwé kan ní 1969, ó sì fi èdè tí ènìyàn ń sọ ní gáréèjì, ní ilé ọtí àti ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá kọ ọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti ń gbọ́ ìròyìn ìfipájalè lórí rédíò kò ní ṣe àjèjì nínú rẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ bọ́ sí eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tàbí ti Fálétí, èyí tí ìjíròrò inú rẹ̀ ń sáré, kí ẹ tó wá lọ bá Fágúnwà. Nígbà náà, gígùn gbólóhùn rẹ̀ yóò wá di adùn.

Ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ìròyìn kò gbọdọ̀ ṣàìkà. Ní 1929, I. B. Thomas tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, tí ó dà bí ẹni pé obìnrin ará Èkó kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n láti fi ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Orúkọ tí obìnrin náà ń jẹ́ nínú lẹ́tà ni Sẹ̀gilọlá. Àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn náà gbà pé ènìyàn gidi ni, bẹ́ẹ̀ olóòtú fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ní 1930 ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ sínú ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ kà á pẹ̀lú ìbéèrè yìí lọ́kàn: kí ni ó jẹ́ kí àwọn ará Èkó gbà á gbọ́? Ẹ óò rí i pé orúkọ àdúgbò, orin tí ó gbòde nígbà náà àti ọ̀nà tí ó gbà ń kí olóòtú ni ó fi mú wọn. Àwọn tí ń kọ ìròyìn èké ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí kò tíì kọjá ọgbọ́n yẹn.

Ẹ ka ìwé Yorùbá sókè. Kì í ṣe ojú ni a fi ń kà á nìkan. Bí ẹ bá fi ojú ka gbólóhùn kan tí kò sì yé yín, ẹ fi ohùn kà á, etí yóò gbé àmì ohùn tí ojú fò. Bí ìwé náà bá ti pẹ́, ẹ óò bá àkọtọ́ àtijọ́ nínú rẹ̀, ẹ óò rí «aiye» níbi tí a ti ń kọ «ayé» báyìí, «enia» fún «ènìyàn», «nwọn» fún «wọ́n», «on» fún «òun», àmì ohùn kò sì ní pọ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tí a ń lò báyìí, àwọn ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà sì tẹ̀lé ti àwọn míṣọ́nnárì. Ẹ ka ojú ìwé márùn-ún péré sókè, ojú yín yóò ti mọ́ ọn.

Ní Ìbàdàn, ìwé kò jìnnà. Ilé-iṣẹ́ University Press tí ó tẹ púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá wa wà ní Jẹ́ríkò, ilé ìtàwé Mosúrò náà sì wà ní agbègbè kan náà. Àwọn tí ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì ni kí ẹ máa yà sọ́dọ̀ wọn ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́, nígbà tí àwọn òbí bá ń ta ìwé tí ọmọ wọn ti kà tán. Ìwé tí wọ́n fi ṣe WAEC ní ọdún tí ó ti pẹ́ a máa wà nínú wọn ní owó pọ́ọ́kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ojú ìwé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ojú ìwé tí ó kẹ́yìn ni ó máa ń kọ́kọ́ já. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn àtijọ́ fúnra rẹ̀ lè lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ óò san àti ohun tí ẹ lè mú wọlé kí ẹ tó lọ jókòó, kí ẹ sì mú pẹ́ńsù dání, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ń tọ́jú ìwé àtijọ́ kì í sábà fẹ́ kí bírò wà nítòsí rẹ̀. Orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbọ́ orin ni kí ẹ mú lọ. Bí ẹ kò bá ní orúkọ tàbí ọdún pàtó tí ẹ ń wá, ìwé tí ó wà níbẹ̀ yóò pọ̀ ju agbára yín lọ.

Ìròyìn tí ó sún mọ́ ilé

Ìròyìn àdúgbò ni ó ṣòro jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti tọ́jú, nítorí pé kò dùn bí orin, kò sì ní ìparí bí ìwé. Ẹ dín in kù kí ó lè ṣeé ṣe. Ẹ yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó kan ilé yín gan-an, bí ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ síbi iṣẹ́, iná mànàmáná, ìjọba ìbílẹ̀ yín àti owó ọjà, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ìyẹn nìkan fún oṣù mélòó kan. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé gbogbo ìròyìn kò tẹ̀lé ọ̀kankan.

Rédíò ni ìpìlẹ̀. Ní Ìbàdàn, Premier FM wà lórí 93.5, Amúlùdùn FM tí ó ń lo Yorùbá wà ní Mọ́níyà lórí 99.1, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni bíi Splash FM lórí 105.5 àti Fresh FM lórí 105.9 sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹ mú méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba, kí èkejì jẹ́ ti aládàáni, kí ẹ sì gbọ́ ìròyìn ọjọ́ kan náà láti ẹnu méjèèjì. Ohun tí ọ̀kan sọ tí èkejì fò ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe da ìròyìn pọ̀ mọ́ ètò tí atọ́kùn ti ń ka àkọlé ìwé ìròyìn láàárọ̀ tí ó sì ń sọ tẹnu rẹ̀ sí i. Ètò náà dùn, mo máa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èrò atọ́kùn ni ìdajì rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi ẹ̀fẹ̀ ka ikú ènìyàn kò yẹ ní ẹni tí à ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀.

Fún kíkà, Aláròyé ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní èdè Yorùbá, BBC Yorùbá sì ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti February 2018. Èyí àkọ́kọ́ súnmọ́ ìgboro jù, èkejì ń ṣọ́ra jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ra ìwé ìròyìn lè dúró nídìí fẹ́ńdọ̀ láàárọ̀, kí ó ka àkọlé pẹ̀lú àwọn tí ń jiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó máa ra ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí fẹ́ńdọ̀ má bàa máa fi ojú burúkú wò ó. Ìròyìn tí ó kéré jù kò sì sí nínú èyíkéyìí wọn: ìpàdé àwọn onílé ni ẹ óò ti mọ ẹni tí ó gba owó tíránsífọ́mà àti ohun tí ó fi ṣe.

Bí wọ́n bá fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ wo bóyá ó ní ọjọ́, bóyá ó dárúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti bóyá ẹni tí ó sọ ọ́ wà níbẹ̀. Ìròyìn tí ó bá sọ «láàárọ̀ yìí» láìsọ ọjọ́ lè ti wà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀ tí ó ń gbé ládùúgbò náà, ìpè ìṣẹ́jú kan kò sì wọ́n tó wàhálà tí yóò dá sílẹ̀ bí ẹ bá fi irọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Ibi tí orin àti ìwé ti wúlò jù fún ìròyìn ni ọ̀rọ̀ oyè. Ní March 2024, Olúbàdàn Lékan Balógun wàjà. Owólabí Ọlákùlẹ́hìn gorí ìtẹ́ ní July ọdún náà. Òun náà wàjà ní July 2025, Rashidi Ládọjà sì jọba ní September 2025. Ẹni tí ó ń gbọ́ ìròyìn nìkan yóò rò pé ẹni tí ó bá lágbára jù ni wọ́n ń mú. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Ìbàdàn mọ̀ pé ìlà méjì ni ó wà, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun, pé àwọn ìjòyè ń gun àkàbà láti orí oyè kékeré, àti pé ìlà méjèèjì ń gba ìtẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ kí Ọlákùlẹ́hìn láti ìlà Balógun tẹ̀lé Lékan Balógun tí ó ti ìlà Ọ̀tún wá, kí Ládọjà láti ìlà Ọ̀tún sì tẹ̀ lé òun náà. Bí onílù bá ń lu dùndún ní Mapó lọ́jọ́ ìwúyè, oríkì tí ó ń fi ìlù pè yóò tọ́ka sí ogun àti orúkọ tí ó wà nínú ìwé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò rí èrè orúkọ tí ẹ ti ń kọ sílẹ̀.

Ìgbà tí a ó máa ṣe é

Àárọ̀ ni ti ìròyìn, kí ó má sì ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Ẹ pa rédíò tí ó bá parí, nítorí pé ìròyìn tí wọ́n tún kà lọ́sàn-án kì í sábà yàtọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kàwé, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ọkàn tán iná mànàmáná. Ojú ìwé mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Orin lè bá iṣẹ́ ilé rìn ní ọjọ́ yòókù, ṣùgbọ́n gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí tí a fi bírò ṣe, fẹ́ ọ̀sán Sátidé tàbí ti Sunday tí kò sí òde. Ẹni tí ó bá ń gbé ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, kí ó rántí pé fújì tí ó dùn mọ́ ọn lè máà dùn mọ́ ọmọ ọwọ́ tí ó ń sùn ní yàrá kejì.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà kò nílò ètò púpọ̀. Ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbọ́ tàbí kà á, orúkọ, àti ìlà kan lórí ohun tí ẹ rò nípa rẹ̀. Ní ìparí oṣù, ẹ ṣí i, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ tí ó bá jáde ní ibi méjì, bí àpẹẹrẹ nínú orin àti nínú ìròyìn. Àwọn tí ẹ fa ìlà sábẹ́ wọn ni ẹ óò wá ìwé lé lórí ní oṣù tí ń bọ̀. Olórin tí orúkọ rẹ̀ kò bá fa nǹkan kan jáde, tí kò sì dùn mọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀ láìtijú, ì báà jẹ́ pé gbogbo ìdílé yín ni ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé yíyá. Bí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ pé ẹ ní ìwé Yorùbá nílé, wọn yóò máa wá yá a. Ẹ yá wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó yá a àti ọjọ́ tí ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ kan náà, níwájú ẹni náà, kí ó rí i bí ẹ ti ń kọ ọ́. Èyí tí kò bá sí lọ́jà mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jáde nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, kí ó wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, kí ẹ gbé àga fún un.